Bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú mọ́tò tó yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ ti ń wà tẹ́lẹ̀

Mo ti wa mọ́tò oníkàbúrétọ̀ (páàtì àtijọ́ tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́), mo ti wa èyí tó ń lo nọ́sù (tí kọ̀ǹpútà ń darí bó ṣe ń fọ́n epo fún ẹ́ńjìnnì), mo ti wa oní-máńúà àti òtómátíìkì, mo ti ní èyí tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì tó ní tọ́bò (fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì) nínú, èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí sì jẹ́ háíbíríìdì, tó ń lo epo pẹ̀lú iná bátìrì. Ohun tí gbogbo wọn jọ kọ́ mi ò ju ẹyọ kan lọ: ìtọ́jú tó mú kí mọ́tò kan pẹ́ lè jẹ́ òun gan-an ló máa ba òmíràn jẹ́. Mo rí i lọ́dọ̀ àwọn èèyàn lójoojúmọ́, wọ́n á pààrọ̀ mọ́tò ṣùgbọ́n wọn ò ní pààrọ̀ ìtọ́jú, ohun tí wọ́n ń ṣe fún ti àtijọ́ náà ni wọ́n á máa ṣe fún tuntun, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá wá dákẹ́ wọ́n á ní mọ́tò ayé ìsinyìí ò dáa. Ó dáa o. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ wá ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò yẹn kọ nípa ẹ̀. Tí kò bá sí nínú mọ́tò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún wo nọ́ńbà ṣáṣì, ó máa ń wà ní igun dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú, lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló máa ń sọ ọdún mọ́tò náà nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà yìí ni kẹ́ ẹ máa fi ra páàtì, torí mọ́tò méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, ọdún kan náà, kẹ́ńjìnnì wọn má jọra rárá.

Ẹ wá ra ìwé kékeré kan, kó máa gbé inú mọ́tò. Ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ irú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń lò sí i, irú omi rédíétọ̀, irú ọ́ìlì gíà, bóyá bẹ́ẹ̀lì ló ń yí táímínì ẹ̀ (ohun tó ń mú kí fáàfù ẹ́ńjìnnì ṣí kó sì pa lásìkò) àbí ṣéènì, àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà. Láti ojú ewé kejì lọ, gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe sí i ni kẹ́ ẹ máa kọ: ọjọ́ wo, kìlómítà mélòó, páàtì wo. Mi ò mọ irinṣẹ́ kankan tó wúlò tó ìwé yìí, sípánà gan-an ò tó o.

Ìgbésẹ̀ 2: Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí òdo

Ẹni tó ta mọ́tò fún yín lè sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì ni, ó sì lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ irú ọ́ìlì tó dà sí i. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà ẹ̀, ẹ pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́, ẹ tú pílọ́ọ̀gì wò, ẹ pààrọ̀ omi rédíétọ̀ àti ọ́ìlì bíréèkì. Pílọ́ọ̀gì yẹn, ẹ fara balẹ̀ wò ó o. Tí orí ẹ̀ bá pọ́n bí i amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí tó rí eérú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì yẹn ń jó epo bó ṣe yẹ, tó bá dúdú gbẹrẹfu epo ti pọ̀ jù, tó bá rin gbindin fún ọ́ìlì a jẹ́ pé ọ́ìlì ń wọnú ibi tí epo ti ń jó, kẹ́ ẹ tètè mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 3: Bẹ́ ẹ ṣe ń sítáàtì ẹ̀

Ibí ni ìwà àtijọ́ ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Kàbúrétọ̀ ò mọ̀ bóyá òtútù ń mú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yin lẹ máa fa ṣóòkù (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀) fún un, ẹ̀yin lẹ máa dúró tì í títí á fi gbóná díẹ̀ kó má bàa kú mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Fún mọ́tò yẹn, ìdúró yẹn tọ́. Mọ́tò nọ́sù ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà inú ẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bréènì bọ́ọ̀sì, ló ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó àti bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, òun fúnra ẹ̀ ló ń díwọ̀n epo. Tẹ́ ẹ bá ti sítáàtì ẹ̀, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú ti tó, kẹ́ ẹ rọra gbéra, kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí abẹ́rẹ́ gééjì ooru á fi kúrò nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fi sílẹ̀ kó máa dún lórí ìdúró ní tútù fún ìgbà pípẹ́, epo tí kò jó tán á máa ṣàn wọnú ọ́ìlì, á sì mú kó máa ṣàn bí omi.

Títi mọ́tò náà nìyẹn. Oní-máńúà, ẹ lè tì í, kẹ́ ẹ ki gíà kejì, kẹ́ ẹ tú kìlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, á jí. Òtómátíìkì ayé ìsinyìí ò ní jí láéláé, bó ti wù kẹ́ ẹ tì í tó, torí ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń tẹ ọ́ìlì inú gíà, tí ẹ́ńjìnnì ò bá tíì ṣiṣẹ́ kò sí ohun tó máa so táyà pọ̀ mọ́ ọn. Kódà máńúà tó ń lo nọ́sù, ẹ má tì í léraléra, epo tí kò jó á lọ bá kátálíìsì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́) tó wà ní ojú ọ̀nà sáílẹ́ńsà, páàtì olówó gọbọi sì ni.

Epo inú táǹkì pẹ̀lú. Mọ́tò kàbúrétọ̀ àtijọ́, ara ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù epo ẹ̀ sábà máa ń wà, tí epo bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á lára. Ti nọ́sù, inú táǹkì ni pọ́ǹpù wà, iná ló ń wà á, epo tó yí i ká ló sì ń mú un tutù. Ẹ má jẹ́ kó dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì kẹ́ ẹ tó ra òmíràn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọ́ìlì

Ẹ gúnlẹ̀ sí ibi tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì ṣàn padà sísàlẹ̀, ẹ fa gééjì ọ́ìlì jáde, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á jáde. Kó wà láàárín àmì méjèèjì. Kó dín ò dáa, kó pọ̀ jù náà ò dáa torí á máa hó, ọ́ìlì tó ń hó kì í lè tẹ̀ dáadáa. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò ó tí mọ́tò bá ti dàgbà.

Nọ́ńbà ara ike ọ́ìlì, bíi 5W-30, èyí tó ṣáájú W ń sọ bó ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń yára dé ibi gbogbo tó. Èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Àwọn tó wa mọ́tò àtijọ́ pẹ́ gbà pé ọ́ìlì tó ki ló ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, wọ́n á lọ ra 20W-50 dà sínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún 5W-30 tàbí 0W-20. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì ìsinyìí tín-ín-rín gan-an, agbára ọ́ìlì yẹn kan náà ló sì ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà nínú ọ̀pọ̀ wọn, tí ọ́ìlì bá ki jù á máa pẹ́ kó tó débẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì ní àárọ̀ ni ìyà ẹ̀ pọ̀ jù.

Ìgbà wo lẹ máa pààrọ̀ ẹ̀? Ìwé mọ́tò ló máa sọ, ṣùgbọ́n èmi kì í jẹ́ kí ọ́ìlì lásán kọjá 5,000 kìlómítà, kí síńtẹ́tíìkì (ọ́ìlì àtọwọ́dá) sì kọjá 10,000, tó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú kúkúrú ló ń rìn tàbí ojú ọ̀nà eléruku, mo tún máa ń dín in kù. Ọ́ìlì mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì máa ń dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí ò burú, kẹ́ ẹ má bẹ̀rù. Ohun tó yẹ kó já yín láyà ni tí ọ́ìlì bá rí bíi tíì onímílíìkì, ìyẹn omi ti bá ọ́ìlì pò.

Ìgbésẹ̀ 5: Omi àti ooru

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí torí ẹ́ńjìnnì tí ooru pa pọ̀ ju èyí tí ọjọ́ orí pa lọ, nínú gbogbo èyí tí mo ti rí.

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ní rédíétọ̀ o. Volkswagen Beetle àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe títí di ọdún 2003, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù ẹ̀ pa pọ̀ mọ́ ohun tó ń ṣe iná fún bátìrì. Torí náà tí iná bátìrì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bẹ́ẹ̀lì ti já, kí afẹ́fẹ́ ti tán fún ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò mìíràn tí iná bátìrì bá tàn, tí abẹ́rẹ́ ooru ò sì gòkè, ẹ sábà lè rọra wà á dé ibi tí wọ́n á ti tún un ṣe. Iná kan náà, ìtumọ̀ méjì.

Èyí tó ní rédíétọ̀, ẹ má fi omi ẹ̀rọ lásán sí i. Orí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ayé ìsinyìí, alumíníọ̀mù ni, omi lásán á jẹ ẹ́, á sì dípẹtà sínú rédíétọ̀. Kúláǹtì tó bá ìwé mọ́tò mu ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ omi dísítíìlì (dísítíìlì wọ́tà) ìdajì sí ìdajì, àyàfi tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti pò tán. Ẹ má tẹ̀ lé àwọ̀, torí àwọ̀ ewé ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àwọ̀ ewé ilé iṣẹ́ kejì, irú méjì tí kò bára mu tún lè dì bí ẹ̀kọ.

Tí mọ́tò bá ń gbóná jù lójú ọ̀nà, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ pa éésì, ẹ ṣí hítà tán pátápátá kó máa fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ooru á mú yín ṣùgbọ́n ẹ fara dà á, ẹ wá ibi tí kò léwu kẹ́ ẹ gúnlẹ̀, ẹ pa á. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀. Mo tún un sọ, ẹ má ṣí i, omi tó wà nínú ẹ̀ ti gbóná kọjá ibi tí omi ti ń hó, ìdérí yẹn ló ń dì í mú, tẹ́ ẹ bá ṣí i á tú lu ojú yín. Ẹ dúró ó kéré tán ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ fi aṣọ kan họ́ọ̀sì rédíétọ̀ wò bóyá ó ti rọ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ìdí ẹ̀:

Ṣé omi ti dín? Ẹ wo abẹ́ mọ́tò, ẹ wo họ́ọ̀sì, ẹ wo ìdí wọ́tà pọ́ǹpù.
Ṣé fáànù ń yí nígbà tó gbóná? Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ dúró sójú kan nìkan ló ń gbóná, tó ń tutù tẹ́ ẹ bá ń sáré, fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.
Ṣé họ́ọ̀sì òkè gbóná tí ti ìsàlẹ̀ sì tutù? Tẹ́mósítáàtì (fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) ti há, tàbí rédíétọ̀ ti dí.
Ṣé omi ń dín láìsí ibi tó ń jò, tí èéfín funfun tó ń ta sánsán bí ohun dídùn ń jáde, tí rédíétọ̀ ń hó kùtùkùtù bẹ́ ẹ ṣe sítáàtì ẹ̀? Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀, ló ti bàjẹ́ nìyẹn o, ẹ má wà á mọ́.

Àwọn mẹkáníìkì kan á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn yọ tẹ́mósítáàtì dànù, pé mọ́tò ò ní gbóná mọ́. Ẹ kọ̀ fún wọn. Lára mọ́tò kàbúrétọ̀ ó lè dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n lára mọ́tò nọ́sù, bréènì bọ́ọ̀sì á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, á máa fún un ní epo púpọ̀, epo á máa jó gan-an, iná ẹ́ńjìnnì á tàn pẹ̀lú kóòdù P0128, ohun tó ń fa ooru gan-an á sì wà níbẹ̀ láìtún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ 6: Táímínì

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀lì, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kọ iye kìlómítà tó máa lò, ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín 90,000 sí 160,000, wọ́n tún máa ń kọ iye ọdún torí róbà ni, ó ń gbó bí ò tiẹ̀ rìn. Ẹ má dúró de àmì kankan, kì í ṣe àmì kó tó já. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tó bá já, pístìnnì á lọ gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti tú u, tó bá jẹ́ òun náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù, kí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣéènì kì í béèrè fún pípààrọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì tó mọ́ ló ń jẹ, tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń dún kàràkàrà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ní àárọ̀, ẹ gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Gíà

Máńúà, kìlọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ ṣọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé e tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ má fi í dá mọ́tò dúró lórí òkè. Òtómátíìkì, ẹ dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó kúrò ní R bọ́ sí D. Ọ́ìlì ẹ̀ sábà máa ń pọ́n nígbà tó ṣì tuntun, tó bá ti dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti pẹ́ jù. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní ọ́ìlì gíà àwọn ò ní pààrọ̀ títí ayé mọ́tò, èmi ò gbà, mo máa ń jò ó mo sì ń da tuntun sí i tó bá ti ń sún mọ́ 80,000 kìlómítà. CVT, ìyẹn òtómátíìkì tó ń fi bẹ́ẹ̀lì irin ṣiṣẹ́ dípò gíà, ní ọ́ìlì tiẹ̀ lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá da ọ́ìlì òtómátíìkì lásán sí i, bẹ́ẹ̀lì irin inú ẹ̀ á máa yọ̀, kò sì ní pẹ́ tó fi máa bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Bíréèkì àti táyà

Ìyàtọ̀ ò pọ̀ níbí. Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Páàdì tó bá ti kù bíi mílímítà 3, ẹ yọ ọ́. Ara táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin ló kẹ́yìn, 3521 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2021, ẹ máa wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ fún un wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára táyà, ti ara táyà yẹn ni èyí tó pọ̀ jù tí táyà lè gbà. Nígbà tí táyà bá tutù ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 9: Bátìrì àti iná ẹ́ńjìnnì

Ẹ ra mítà iná kékeré kan. Bátìrì tó kún, tí mọ́tò ti sinmi, máa ń jẹ́ nǹkan bíi fóòtì 12.6, tó bá ti wálẹ̀ sí 12.2 ìdajì ló kù. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.7 sí 14.7 nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, tó bá kéré sí i alitanétọ̀, ohun tó ń ṣe iná fún bátìrì, lẹ máa yẹ̀ wò. Nígbà àtijọ́ wọ́n máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, pé tí ò bá kú alitanétọ̀ dáa. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣe é fún yín mọ́, iná tó máa ru gùdù lójijì yẹn lè jó bréènì bọ́ọ̀sì.

Láti mọ́tò ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo mọ́tò ní ojú ihò kan náà tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ bọ̀ láti ka kóòdù, ó máa ń wà lábẹ́ sítíáríngì. Ẹ̀rọ kékeré tó ń kà á ò wọ́n. Ṣùgbọ́n kóòdù ò sọ páàtì tẹ́ ẹ máa rà o, ohun tí bréènì bọ́ọ̀sì rí ló sọ. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ó lè jẹ́ họ́ọ̀sì tó ya, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù tó ti rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì ti sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ ara sáílẹ́ńsà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò gba owó. Tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn tó dúró, ẹ ní àyè díẹ̀, tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ń mísì, epo ò jó bó ṣe yẹ, ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ sì dúró ní kíá kó má bàa sun kátálíìsì.

Ìgbésẹ̀ 10: Tẹ́ ẹ bá bọ́ sórí dísẹ́ẹ̀lì tàbí háíbíríìdì

Dísẹ́ẹ̀lì, omi inú epo ni ọ̀tá ẹ̀, ẹ máa jò ó kúrò ní ìdí fílítà epo. Tẹ́ ẹ bá ti sáré gan-an tàbí gun òkè, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dún pẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó pa á, tọ́bò ṣì ń yí, ó sì ń gbóná, ọ́ìlì ló ń tù ú lára. Ẹ rí i pé èyí tún yàtọ̀ sí ti mọ́tò lásán tẹ́ ẹ kàn ń pa. Tí wọ́n bá ṣèèṣì da bẹntiróòlù sí i, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á kúrò.

Háíbíríìdì, wáyà ọsàn inú ẹ̀ kì í ṣe ibi tí rìwáyà lásán máa fọwọ́ sí, iná tó wà níbẹ̀ lè pààyàn. Bátìrì ńlá ẹ̀ ní fáànù tó ń mú un tutù nínú ọ̀pọ̀ wọn, ojú ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀ sì máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀yìn, ẹ má gbé ẹrù dí i, kẹ́ ẹ sì máa fọ asẹ́ ẹ̀. Torí mọ́tò ló ń fi mọ́tò iná dá ara ẹ̀ dúró, páàdì máa ń pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ tú u wò lọ́dọọdún, irin tó ń sún un máa ń há tí kò bá ṣiṣẹ́. Bátìrì kékeré 12 fóòtì ṣì wà nínú ẹ̀ o, tó bá kú, mọ́tò ò ní jí bí bátìrì ńlá tiẹ̀ kún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á

Ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀, gíà ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n tí ìpẹtà bá ti jẹ ṣáṣì dénú, ẹ má náwó sí i mọ́. Ẹ kọ gbogbo àbùkù tó kù sẹ́yìn ìwé kékeré yẹn, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó rà á pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kejì. Tó bá ní ojú síkíríìnì, ẹ pa orúkọ fóònù yín, nọ́ńbà àwọn èèyàn yín àti àdírẹ́sì ilé yín rẹ́ kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó jọ̀wọ́ ẹ̀.